Ìbọn Tó Bá Ara Mu: Ohun Tí Ọta Kan Fi Kọ́ Matthew Emmons

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Matthew Emmons, dúró ní pápá ìyìnbọn Markopoulo, nítòsí ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ìdíje Òlíńpíìkì ni wọ́n ń ṣe. Ẹni ọdún 23 ni. Ọta kan ṣoṣo ló kù kí ìdíje parí, ó sì ti fi máàkì 3 ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́jọ ló ń díje. Olúkúlùkù ní pátákó àmì tirẹ̀ níwájú rẹ̀, ní 50 mítà sí ibi tí ó dúró sí. Nọ́ńbà sì wà lórí pátákó kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 2 ni ti Emmons.

Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó mí jẹ́ẹ́jẹ́, ó fa apátí. Ìbọn dún. Ó wo ẹ̀rọ tí ń ka máàkì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yíjú sí àwọn adájọ́, ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Àwọn adájọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí ọta rẹ̀. Inú pátákó nọ́ńbà 3 ló wà, pátákó ẹlòmíràn. Ká ní pátákó tirẹ̀ ni, máàkì 8.1 ni ì bá gbà, ìyẹn ì bá sì ti tó fún un láti gba wúrà. Òfo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Láti ipò kìíní, ó bọ́ sí ipò kẹjọ. Jia Zhanbo, ará Ṣáínà, ló gba wúrà.

Ìbọn Emmons kò ṣe àṣìṣe kankan. Ibi tí ẹni tó gbé e kọjú rẹ̀ sí gan-an ni ó gbé ọta lọ. Ìbọn tó péye kì í yan àmì fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ń bẹ lọ́rùn ẹni tó bá fẹ́ fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ díje. Àkọ́kọ́ ni kí ó tún ìbọn ṣe títí yóò fi bá ara rẹ̀ mu. Èkejì ni kí ó tún ara rẹ̀ ṣe títí yóò fi bá ìbọn mu.

Irú ìbọn wo ni?

Àwọn ọdẹ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ìbọn ṣakabùlà dáadáa. Ẹnu ìbọn náà ni a ti ń da ẹtù sí. A ó fi ọ̀pá kì í, a ó sì da ọta wẹ́wẹ́ lé e. Inú ọ̀pá ìbọn náà ń dán, kò ní ilà. Bí ìbọn bá dún, àwọn ọta wẹ́wẹ́ yóò fọ́n ká. Èyí wúlò fún ọdẹ tó ti sún mọ́ ẹran nínú igbó. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí ọta kan ṣoṣo wọ ojú kan ṣoṣo ní 50 mítà.

Ọ̀tọ̀ ni ìbọn àfidíje. Nínú ọ̀pá rẹ̀ ni ilà tín-ín-rín wà, tí wọ́n lọ́ yípo láti ẹ̀yìn dé ẹnu. Bí ọta ti ń gba àárín wọn kọjá, àwọn ilà náà yóò mú kí ó máa yí. Ọmọdé tó ti ta òkòtó rí mọ ìdí èyí. Bí òkòtó bá ń yí kánkán, yóò dúró ṣánṣán. Bí yíyí rẹ̀ bá dín kù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, yóò sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta. Yíyí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó takìtì lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yìn ni a ti ń ki ìbọn yìí. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tó ní ọwọ́ kékeré. A ń pè é ní irin ìtì. Bí a bá fà á sẹ́yìn, ihò ọ̀pá yóò ṣí. A ó fi ọta kan sí i. Bí a bá tì í síwájú tí a sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ihò náà yóò pa dé gbọn-in. Ọta kan ni ìbọn yìí ń yìn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbé e ni yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n bákan náà ni irin ìtì ń dé ihò ní ìgbà gbogbo. Ohun tó bá sì ń rí bákan náà ní ìgbà gbogbo ni ó ń mú kí ọta máa bọ́ sójú kan.

Ọta tí wọ́n ń lò kéré. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.6, òjé rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 2.6 lọ. Ó ń sáré ní nǹkan bí 330 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré rẹ̀ kò tó ti ohùn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọta tó bá yára ju ohùn lọ, tí eré rẹ̀ wá dín kù lójú ọ̀nà, yóò mì nígbà tí ó bá ń bọ́ sí abẹ́ eré ohùn. Àárín pátákó, níbi tí a ti ń gba máàkì 10, fẹ̀ ní mìlímítà 10.4. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná ọmọ ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ.

Yíyan ìbọn

Ẹni tó bá fẹ́ yan ìbọn àfidíje kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà igi rẹ̀. Ọ̀pá ìbọn ni kí ó kọ́kọ́ wò. Kí ó yẹ ẹnu ọ̀pá náà wò yípo, níbi tí ọta ti ń fi irin sílẹ̀. Bí ẹnu yìí bá ní ìhà kan tó ti jẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ọta yóò kọ́kọ́ gba ìhà náà jáde, yóò sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbùkù tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè ba ìbọn olówó ńlá jẹ́.

Ohun kejì ni ibi tí irin ti jókòó sínú igi. Kò gbọdọ̀ mì, igi kò sì gbọdọ̀ fi ipá tẹ irin níbì kan. Àwọn ìṣó tí a ń yí wọlé ni ó so méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá le jù, tí èkejì sì dẹ̀, irin yóò tẹ̀ díẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Ìdí nìyí tí àwọn ayìnbọn fi ń lo kọ́kọ́rọ́ tó ń sọ ìwọ̀n agbára tí ọwọ́ fi yí ìṣó. Wọ́n ń kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé, kí wọ́n lè dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ìbọn láti nù ún.

Ohun kẹta ni apátí, irin kékeré tí ìka ń fà. Ti ìbọn àfidíje fúyẹ́ gan-an. Àwọn mìíràn ń ṣètò tiwọn débi pé ìwúwo tí kò tó 100 gíráàmù lè fà á. Ire wà nínú èyí: ìka kò ní lo agbára tó lè mi ìbọn. Ewu wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí Emmons yóò ti rí i níkẹyìn.

Ohun kẹrin ni ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbọn tó wúwo kì í tètè mì. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje kò gba ọkùnrin láyè láti lo èyí tó ju kílò 8 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì lè gbé kílò 8 láti àárọ̀ di ọ̀sán kò gbọdọ̀ yan kílò 8 nítorí pé ẹlòmíràn yàn án.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ìbọn yìí kò pọ̀. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Anschütz, tó wà ní ìlú Ulm ní Jámánì lónìí. Ọdún 1856 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó. Kí Emmons tó lọ sí Áténì, ó rí i pé ìbọn òun kò péye mọ́, wọ́n sì rí i pé ẹnì kan ti bà á jẹ́. Ó yá ìbọn lọ́wọ́ Amber Darland, ayìnbọn bíi tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, ọjọ́ méjì ṣáájú àṣìṣe ńlá rẹ̀, ó fi ìbọn àyálò díje ní ìdùbúlẹ̀, ó sì gba wúrà.

Ọta tí ọ̀pá fẹ́ràn

Ohun kan ń ya ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu. Ọta méjì lè ti ilé iṣẹ́ kan náà wá, kí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí owó wọn jẹ́ iye kan náà. Síbẹ̀, ìbọn kan lè gba ọ̀kan kí ó kọ èkejì. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń ṣe ọta, nọ́ńbà ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lára páálí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wọ́ kan àti òmíràn kéré jọjọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, àwọn ayìnbọn ńlá ń gbé ìbọn wọn lọ sí ilé iṣẹ́ ọta. Eley, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Níbẹ̀, wọn kì í fi èjìká gbé ìbọn. Irin wúwo ni wọ́n fi ń dì í mú, kí ọwọ́ ènìyàn má baà dá sí i. Wọ́n á yin ọta mélòó kan láti inú ọ̀wọ́ kan, wọ́n á wo bí àwọn ihò ti sún mọ́ra tó. Wọ́n á tún mú ọ̀wọ́ mìíràn. Èyí tí ihò rẹ̀ bá ṣù jọ jù lọ ni ayìnbọn yóò rà púpọ̀, tí yóò sì fi pa mọ́ de ọjọ́ ìdíje.

Ẹni tí kò lè lọ sí ilé iṣẹ́ lè ṣe bákan náà ní pápá rẹ̀. Kí ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, kí ó yin ọta mẹ́wàá-mẹ́wàá láti inú páálí oríṣiríṣi, kí ó sì kọ àbájáde kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà.

Mímú ìbọn bá ara mu

Ara ènìyàn kò dọ́gba. Ọrùn ẹnì kan gùn, apá ẹlòmíràn kúrú. Nítorí náà, apá púpọ̀ lára ìbọn àfidíje ni a lè sún síwájú, sẹ́yìn, sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ìdí ìbọn ni a kọ́kọ́ ń ṣètò, ìyẹn apá tí a gbé ti èjìká. Bí ó bá gùn jù, ọwọ́ yóò máa nà láti kan apátí. Bí ó bá kúrú jù, ọrùn yóò ká. Kí a sún un títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi sinmi lórí igi, tí ìka yóò sì kan apátí láìfi ipá wá a.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé. Ọ̀nà kan wà láti yẹ èyí wò. Kí ayìnbọn pa ojú rẹ̀ dé, kí ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi bí ẹni tó fẹ́ sùn, kí ó wá la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sínú ihò ìwòran tààrà, ètò náà dára. Bí ó bá ní láti gbé orí sókè tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìbọn ni kí ó tún sún, kí ó má ṣe fi ọrùn wá a.

Ní ìdùbúlẹ̀, okùn awọ máa ń so apá òsì mọ́ ìbọn. Kí a fà á le títí tí yóò fi jẹ́ pé okùn àti egungun ló ń gbé ìbọn, tí iṣan yóò sì sinmi. Iṣan máa ń rẹ̀, ó sì máa ń gbọ̀n. Egungun kì í gbọ̀n.

Ìgbà yìí ni ìdánwò tó tóbi jù tó dé. Kí ayìnbọn kọjú ìbọn sí àmì. Kí ó pa ojú dé, kí ó mí sínú, kí ó mí síta lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wá la ojú. Ibi tí ìbọn ń wò nísinsìnyí ni ibi tí ara rẹ̀ fẹ́ kí ó máa wò. Bí kì í bá ṣe àárín àmì ni, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ti ìbọn síbẹ̀. Ara ni kí ó sún, láti ìdí tàbí láti ẹsẹ̀. Ìbọn tí a fi ọwọ́ tì yóò padà síbi tó ti wá nígbà tí apátí bá já. Àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ojú, òrùka àti afẹ́fẹ́

Kò sí awò tó ń mú ohun jíjìn sún mọ́ni lórí ìbọn ìdíje yìí. Ihò kékeré wà lẹ́yìn, òrùka sì wà níwájú. Ayìnbọn yóò wo inú ihò, yóò rí òrùka, yóò sì rí ojú dúdú pátákó nínú òrùka náà. Ojú wa mọ bí a ti ń gbé róbótó sáàárín róbótó láìfi ohun kan wọ̀n ọ́n. Kí ojú méjèèjì wà ní lílà. A lè fi páálí kékeré bo iwájú ojú kejì, kí ó má baà da ti àkọ́kọ́ rú.

Bí a bá fẹ́ mú ìbọn bọ́ sí àárín àmì, kí a kọ́kọ́ yin ọta márùn-ún tàbí mẹ́wàá láìyí ohunkóhun. Kí a wo àárín gbogbo ihò náà, kí a sì wọn bí ó ti jìnnà sí àárín pátákó. Nígbà náà ni kí a wá yí bọ́tìnì ihò ẹ̀yìn. Bí ó bá ti dún ta lẹ́ẹ̀kan, ibi tí ọta ń bọ́ sí yóò sún ní mìlímítà díẹ̀. Ẹni tó bá ń yí i lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan yóò máa lé àṣìṣe ara rẹ̀ kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ń ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ri àsíá kéékèèké mọ́lẹ̀ láàárín ayìnbọn àti pátákó. Ẹni tó gbọ́n yóò yan bí àsíá ṣe ń fẹ́ nígbà tí ó ṣètò ìbọn rẹ̀. Bí àsíá bá yí padà, yóò dúró. Bí ó bá tún rí bíi ti àtẹ̀yìnwá, yóò yìn ín.

Ìtọ́jú àti ewu

Láti ẹ̀yìn ni kí a ti máa nu inú ọ̀pá, lẹ́yìn tí a bá ti yọ irin ìtì kúrò. Bí a bá ń ti ẹnu nù ún, ọ̀pá ìnùbọn lè máa ha ẹnu náà díẹ̀díẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Àwọn baba wa ní: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ní pápá ìdíje, ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ wo ibòmíràn bí kò ṣe ibi tí àwọn pátákó wà. Bí a kò bá yìn ín, irin ìtì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí, okùn aláwọ̀ títàn yóò sì wà nínú ihò ọ̀pá, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Ìka kì í dé ibi apátí títí ojú yóò fi rí àmì.

Ohun tí a kò lè fi ìṣó dè

Lẹ́yìn ìdíje Áténì, Emmons ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní àṣà kan. Kí ó tó yin ọta, yóò kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lókè pátákó, yóò wá sọ ìbọn kalẹ̀ sórí àmì. Ní ọta ìkẹyìn yẹn, bí yóò ṣe fi ara balẹ̀ ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Kò wo nọ́ńbà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin ayìnbọn kan láti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, Kateřina Kůrková, wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ní ọdún 2008, wọ́n jọ lọ sí Òlíńpíìkì ní Beijing ní Ṣáínà, ìyàwó sì ni ó gba wúrà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìdíje náà. Nígbà tó kan ọkọ nínú ìdíje tó ti pàdánù ní Áténì, ó tún fi máàkì 3.3 ṣáájú, ó sì tún ku ọta kan. Bí ó bá gba máàkì 6.7 péré, wúrà di tirẹ̀. Láti òkè ni ó máa ń sọ ìbọn kalẹ̀ bọ̀ sórí àmì. Ìka rẹ̀ kan apátí fífúyẹ́ yẹn kí ìbọn tó dé àárín. Ìbọn dún. Máàkì 4.4 ni ó gbà, ó sì bọ́ sí ipò kẹrin.

Ẹlòmíràn ì bá fi ìbọn sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, Emmons tún padà sí ìdíje kan náà. Ọta ìkẹyìn rẹ̀ kò dára tó ìyókù lọ́jọ́ náà pẹ̀lú: máàkì 7.6 ló gbà. Ṣùgbọ́n inú pátákó tirẹ̀ ló wà, ó sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ bàbà.

A lè yan ọ̀pá tó mọ́. A lè wá ọta tó fẹ́ràn rẹ̀. A lè yí ìṣó dé ìwọ̀n, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọkàn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọta kọ̀ọ̀kan ni a ń tún un ṣètò. Bí ara bá ń gbọ̀n, tàbí tí a ti di èémí pẹ́ jù, kì í ṣe ìtìjú láti sọ ìbọn kalẹ̀, kí a mí, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì tún gbé e, kí a kọ́kọ́ gbé ojú sókè, kí a ka nọ́ńbà tó wà lórí pátákó.